Àpá Dúdú Tó Ń Padà Sójú Kan Náà: Ìdáhùn fún Olùkọ́ Kan Tó Ń Lo Oògùn Ẹ̀fọ́rí Túúlu

Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní agbègbè Mọ́níyà, n'Ìbàdàn, ló kọ ìbéèrè yìí ránṣẹ́. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀fọ́rí túúlu, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní migraine, ti ń bá a fínra: ẹ̀gbẹ́ orí kan ṣoṣo ni yóò máa lù ú, kò ní lè wo ìmọ́lẹ̀, èébì yóò sì tẹ̀lé e. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, dókítà ní kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo topiramate, láti mílígíráàmù 25 lálẹ́ títí ó fi dé 50 láàárọ̀ àti 50 lálẹ́. Ẹ̀fọ́rí náà dínkù, ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́rin yọjú lára rẹ̀. Ìka ọwọ́ àti ètè rẹ̀ ń ta á bí abẹ́rẹ́. Bó bá dúró nínú oòrùn pẹ̀lú àwọn ọmọ lórí pápá, ara rẹ̀ a gbóná ṣùgbọ́n kì í làágùn bíi ti tẹ́lẹ̀. Irun rẹ̀ ń já sínú ìyàrun. Àpá dúdú roboto kan sì ń yọ lẹ́yìn ọwọ́ òsì rẹ̀ àti ní igun ètè. Yóò gbóná, yóò yún, yóò bó, yóò fi dúdú sílẹ̀, yóò sì tún padà wá síbẹ̀ gẹ́lẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Aládùúgbò kan sọ fún un pé topiramate ló ń jó o láti inú wá. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá kí ó da oògùn náà nù, àti bóyá ìpara kan wà tó lè pa àpá náà rẹ́. Ní ìparí lẹ́tà rẹ̀ ló fi kún un pé bí ẹ̀fọ́rí bá ṣì dé láàárín, òun a máa ra oògùn tí wọ́n pò sínú ọ̀rá kékeré ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́místì tó wà ní ìtòsí.

Olùkọ́ wa, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ sì kú iṣẹ́ àwọn ọmọ. Gbólóhùn tí ẹ fi kún ìparí lẹ́tà yín yẹn, nípa oògùn inú ọ̀rá, ni èmi apòògùn kọ́kọ́ fẹ́ mú, nítorí ibẹ̀ ni mo fura sí jù lọ. Ẹ di ohun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ sínú ẹrù kan ṣoṣo, ẹ sì gbé e ru topiramate nítorí pé òun ni ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mẹ́ta nínú wọn lè jẹ́ tirẹ̀ lóòótọ́, ìyẹn ọwọ́ tó ń ta, ara tí kì í làágùn àti irun tó ń já. Ti àpá dúdú yìí yàtọ̀. Àárọ̀ àti alẹ́ ni ẹ ń lo topiramate láìsí ìdádúró. Ó ṣòro kí oògùn tó wà lára ènìyàn lójoojúmọ́ fa àpá tó ń wá, tó ń rọlẹ̀, tó tún ń jí padà sójú kan náà. Oògùn tí ènìyàn ń lò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ sì ti sọ èyí tí ẹ ń lò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan fún mi.

Àwọn dókítà awọ ara ń pè é ní fixed drug eruption, ẹ sì lè pe orúkọ náà bẹ́ẹ̀ fún dókítà yín. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ ni pé nígbà àkọ́kọ́ tí ara ènìyàn bá kọ oògùn kan, ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kí àpá tó yọ, ènìyàn kì í sì í rántí ohun tó gbé mì nígbà náà mọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí àpá náà bá ti san, díẹ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń dáàbò bo ara a jókòó sí ojú awọ yẹn, wọ́n a sì máa ṣọ́nà bí ọdẹ tó ti mọ ibi tí ẹran ń gbà kọjá. Ọjọ́ tí oògùn náà bá tún wọ inú ẹ̀jẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni wọn yóò ti dìde, nígbà mìíràn láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nígbà púpọ̀ láàárín wákàtí mẹ́jọ, ó sì lè pẹ́ díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú rẹ̀ a wú, a gbóná, a yún tàbí kí ó ta ènìyàn. Àárín rẹ̀ lè léròrò. Lẹ́yìn náà a bó, a sì dúdú. Bí ènìyàn bá ń tún oògùn náà lò, àpá a máa fẹ̀ sí i, a sì máa bí òmíràn, débi pé ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹyọ kan lè ní mẹ́wàá lára kó tó mọ ohun tó ń ṣe é.

Ètè àti ọwọ́ tí ẹ dárúkọ wà lára ibi tí àpá yìí fẹ́ràn jù, pẹ̀lú ẹsẹ̀ àti ojú ara. Ó yẹ kí n sọ èyí síta nítorí àwọn ọkùnrin tó ń ka ìwé yìí: bó bá yọ sójú ara, ọ̀pọ̀ a rò pé àrùn ìbálòpọ̀ ni, ìtìjú a mú wọn, wọ́n a sì yọ́ lọ ra tetracycline tàbí co-trimoxazole fúnra wọn, bẹ́ẹ̀ àwọn oògùn méjèèjì yìí wà nínú àwọn tó máa ń fa àpá náà. Ilé a dàrú, ìyàwó a fura sí ọkọ, nígbà tó jẹ́ pé hóró oògùn kan ló wà nídìí ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá tú ọ̀rá náà wò. Bí wọ́n ṣe sábà máa ń pò ó ni pé kí ẹni tó ń tà á bu hóró funfun ńlá méjì láti inú ike kan, hóró kékeré aláwọ̀ ìyeyè láti inú òmíràn, kápúsù aláwọ̀ méjì láti inú ìkẹta, kó sì dì wọ́n pọ̀ láìkọ orúkọ kankan sára rẹ̀. Funfun ńlá náà lè jẹ́ paracetamol. Èkejì lè jẹ́ ibuprofen tàbí diclofenac tàbí naproxen. Kápúsù lè jẹ́ agbógunti-kòkòrò bíi tetracycline, tí kò ní nǹkankan ṣe pẹ̀lú ẹ̀fọ́rí. Àwọn kan ṣì ń fi dipyrone sí i, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí analgin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àjọ NAFDAC ti fòfin dè é ní orílẹ̀-èdè wa. Gbogbo àwọn tí mo kà sílẹ̀ yìí pátá ló lè fa fixed drug eruption, títí kan paracetamol tí gbogbo ayé gbà pé kì í ṣe ènìyàn ní nǹkankan. Nítorí náà mi ò lè tọ́ka sí ẹyọ kan láti ibi tí mo wà kí n ní òun ni. Ohun tí mo lè sọ ni pé nígbà tí a kò bá mọ orúkọ ohun tí a gbé mì, a ti sọ ọ̀nà àtimú ọ̀daràn náà nù.

Ohun kan tún wà tí n kò fẹ́ kí a gbójú fò. N'Ìbàdàn níbí, bí orí bá ti ń fọ́ni, ibà ni ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ pè é, oògùn ibà ni wọn yóò sì kọ́kọ́ lò. Ẹ yẹ ara yín wò dáadáa bóyá ẹ lo oògùn ibà tó ní sulfa nínú, ìyẹn èyí tí wọ́n fi sulfadoxine àti pyrimethamine ṣe, ní ọ̀kan nínú àwọn ọjọ́ tí àpá náà jí. Sulfa ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú ọ̀rọ̀ àpá dúdú láàárín àwa ọmọ Nàìjíríà, ìdí rẹ̀ sì nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìyá wa fi máa ń sọ fún nọ́ọ̀sì pé, "Ara mi kì í gba sulfa." Ẹ̀fọ́rí túúlu kì í ṣe ibà, kì í sì í ṣe àlejò láàárín wa. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Ìbàdàn lọ ká àwọn ará Ìgbọ́-Ọrà mọ́lé, tí wọ́n ń bi wọ́n léèrè nípa ẹ̀fọ́rí, wọ́n rí i pé nǹkan bí ènìyàn márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ló ní in. Ẹni tó bá mọ̀ pé túúlu ni tòun kò ní máa gbé oògùn ibà mì nígbàkigbà tí orí bá lù ú.

Bí ẹ ṣe máa tọ́pa rẹ̀ nìyí. Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ kọ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí àpá náà ti jí, bí ẹ bá ṣe rántí rẹ̀ tó, kí ẹ sì kọ gbogbo ohun tí ẹ fi sẹ́nu ní ọjọ́ yẹn àti ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀: oògùn inú ọ̀rá, oògùn ibà, oògùn ikọ́, ìyẹ̀fun oògùn ẹ̀fọ́rí tí wọ́n fi aspirin àti káféènì ṣe, àgbo, oògùn oorun àti oògùn inú rírun. Ènìyàn kì í ka àgbo àti ìyẹ̀fun mọ́ oògùn bí dókítà bá ń bi í léèrè, bẹ́ẹ̀ oògùn ni wọ́n lójú awọ ara. Láti òní lọ, ẹ má ṣe ra oògùn àpòpọ̀ aláìlórúkọ mọ́. Kí dókítà tàbí apòògùn tó ní ìwé-àṣẹ yan oògùn kan ṣoṣo fún yín tí ẹ óò máa lò bí ẹ̀fọ́rí bá dé, nínú páálí tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Bí àpá náà kò bá jí nígbà tí ẹ̀fọ́rí méjì tàbí mẹ́ta bá ti dé, tí ẹ sì ti lo oògùn kan ṣoṣo yẹn, ìdáhùn ti ń yọjú. Ẹ má ṣe mọ̀ọ́mọ̀ gbé èyí tí ẹ fura sí mì láti fi dán ara yín wò nílé. Dókítà awọ ara ní ọ̀nà tó fi ń lẹ oògùn díẹ̀ mọ́ ojú àpá náà gan-an láti mọ̀ bóyá òun ni, ìyẹn kò sì léwu tó kí ènìyàn gbé odindi hóró mì. Bó bá sì wá hàn pé ibuprofen ni, ẹ béèrè nípa naproxen pẹ̀lú kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, nítorí pé ìdílé kan náà ni wọ́n ti wá, ara tó bá kọ ọ̀kan lè kọ èkejì.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí àwọ̀ ara wa, nítorí pé ó ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Ìwé àlàyé tó ń wà nínú páálí oògùn máa ń sọ pé kí ènìyàn kíyè sára bí awọ rẹ̀ bá pọ́n. Lára ẹni tó dúdú, pípọ́n yẹn kì í sábà hàn bí pupa. Ó lè dà bíi dúdú tó jinlẹ̀ sí i, tàbí àwọ̀ eérú, tàbí àwọ̀ ẹlẹ́sè-àlùkò tí ènìyàn kò ní rí àfi bó bá dúró sójú fèrèsé lọ́sàn-án gangan. Ara tó sú nítorí oògùn lè jẹ́ wíwú kéékèèké tí àwọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti awọ tó kù, tó jẹ́ pé ọwọ́ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ṣáájú ojú. Nítorí náà ẹ fọwọ́ pa á, kí ẹ mọ̀ bóyá ó gbóná, bóyá ó le, bóyá ó ń dunni. Ẹ fi fóònù yà á nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, nítorí pé ní ọjọ́ tí ẹ bá máa fi rí dókítà, ó lè ti rọlẹ̀ tí yóò ku àpá nìkan.

Nísinsìnyí, topiramate. Ìtani bí abẹ́rẹ́ tí ẹ ń ní ní ìka àti ètè wọ́pọ̀ gan-an. Nínú àwọn ìwádìí tí wọ́n fi dán oògùn náà wò fún ẹ̀fọ́rí yìí, ó sún mọ́ ìdajì àwọn tó lo mílígíráàmù 100 lójúmọ́ tó ní in. Ó ń wá nítorí pé topiramate ń dí iṣẹ́ èròjà ara kan tí à ń pè ní carbonic anhydrase lọ́wọ́. Òun náà ló fà á tí ọtí ẹlẹ́rìndòdò fi máa ń tẹ́ lẹ́nu àwọn tó ń lò ó. Kì í ba iṣan jẹ́, ó sì máa ń rọlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn bí ara bá ti mọ́ ọn, tàbí bí dókítà bá dín ìwọ̀n rẹ̀ kù. Irun tó ń já náà lè jẹ́ tirẹ̀, ó sì máa ń hù padà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dá a lẹ́bi, ẹ rántí bóyá ẹ di irun tó fún orí gan-an, tàbí ẹ bímọ, tàbí ẹ ṣàìsàn ibà líle ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, nítorí pé gbogbo ìwọ̀nyí ló ń já irun.

Ti àìlàágùn ni mi ò fẹ́ kí ẹ fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Carbonic anhydrase yìí kan náà wà lára ohun tí àwọn ihò àágùn ń lò, nítorí náà topiramate lè mú kí àágùn dínkù, kí ara má rí ọ̀nà tú ooru rẹ̀ dànù. Àwọn ọmọdé ni ó ti ṣẹlẹ̀ sí jù, ṣùgbọ́n àgbàlagbà kò bọ́ níbẹ̀. Ẹ mọ bí oòrùn Ìbàdàn ṣe ń rí láàárín oṣù kejì sí ìkẹta, kí òjò àkọ́rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò làágùn nínú irú oòrùn bẹ́ẹ̀, tó ń darí àwọn ọmọ lórí pápá, ara rẹ̀ lè gbóná kọjá ààlà kó tó mọ̀. Ẹ máa dúró lábẹ́ igi tàbí abẹ́ òrùlé bí ẹ bá ń ṣe àpèjọ àárọ̀ tó bá pẹ́, ẹ wọ aṣọ òwú tó fẹ́lẹ́, ẹ máa fi omi pa ara, kí ẹ sì máa mu omi dáadáa láàárọ̀ títí dalẹ́. Omi mímu yìí tún ń dáàbò bo kíndìnrín, nítorí topiramate lè mú kí òkúta hù nínú rẹ̀. Bí ara bá gbóná janjan tí kò sì sí àágùn rárá, tí orí ń pòòyì, tí ọ̀rọ̀ kò já gaara lẹ́nu mọ́, kí wọ́n da omi tútù sí yín lára, kí wọ́n sì gbé yín lọ sí ilé-ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan sì tún wà níbẹ̀ tó kan àpá yín. Bí ara bá ń yún ènìyàn, chlorpheniramine, tí gbogbo wa mọ̀ sí Piriton, ni a sábà máa ń gbé mì. Oògùn yẹn náà lè dín àágùn kù, yóò sì tún mú yín sùn lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ béèrè fún cetirizine tàbí loratadine dípò rẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn mìíràn tó ń ka èyí ń lo oògùn tó yàtọ̀ sí tiyín, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fi kíá mẹ́nu kan ohun tí wọ́n lè ṣe sí awọ ara. Propranolol a máa mú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tutù, ó sì lè jí àrùn awọ tí à ń pè ní psoriasis dìde, èyí tó ń fi ìpẹ́ funfun tó nípọn bo orúnkún àti ìgbọ̀nwọ́, tàbí kó mú un le sí i. Ẹni tó bá ní ikọ́ fée, ìyẹn asthma, kò gbọ́dọ̀ lò ó rárá. Amitriptyline lè mú kí ènìyàn làágùn jù, ó sì lè mú kí awọ tètè jóná lábẹ́ oòrùn. Sumatriptan, tí wọ́n ń lò nígbà tí ẹ̀fọ́rí bá ń lọ lọ́wọ́, a máa mú kí ojú àti ọrùn gbóná fún ìgbà díẹ̀. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, ìgbóná yẹn ni ènìyàn ń mọ̀ lára ju kí ó rí i lójú lọ. Àwọn abẹ́rẹ́ tuntun bíi erenumab, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 2018, lè mú ojú abẹ́rẹ́ wú, kó sì yún.

Ergotamine ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí nínú wọn, nítorí pé ó ti pẹ́ tó ti wà láàárín ìlú, ó ṣì wà nínú àwọn àpòpọ̀ oògùn ẹ̀fọ́rí kan, ewu rẹ̀ sì ń bẹ̀rẹ̀ láti ojú awọ. Ó ń fún òpójẹ̀ pọ̀. Bí ènìyàn bá lò ó pọ̀ mọ́ erythromycin tàbí clarithromycin, tàbí mọ́ ritonavir tó wà nínú oògùn àwọn kan tó ní kòkòrò HIV, ẹ̀dọ̀ kò ní lè tú u ká mọ́, yóò pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ìka ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yóò tutù, yóò kú tipiri, yóò sì dúdú, wọ́n sì ti gé ìka fún àwọn kan nítorí rẹ̀. Ẹni tó bá rí irú àmì bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró di ọjọ́ kejì.

Àwọn àmì mìíràn náà wà tí kò gba sùúrù, irú oògùn yòówù kó jẹ́. Bí ètè, ahọ́n tàbí ìpéǹpéjú bá wú lójijì tí èémí kò sì já geere, pàjáwìrì ni. Bí ara bá sú, tí ibà sì bá a rìn, tí egbò yọ lẹ́nu, tí ojú pọ́n tó sì ń ta ènìyàn, tí awọ ń dunni bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára, tó ń léròrò, tó sì ń bó, àrùn tí wọ́n ń pè ní Stevens-Johnson syndrome lè ti bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ àkọ́kọ́ tí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ oògùn tuntun ló sábà máa ń wáyé. Ó ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ó ń pa ènìyàn. Ní irú ọjọ́ yẹn, kí ẹ dá gbogbo oògùn tí ẹ fura sí dúró, kí ẹ sì kọrí sí ilé-ìwòsàn ńlá; ẹ má ṣe dúró ní kẹ́místì, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àgbo wẹ̀ yín. Bákan náà, bí ojú bá ṣàdédé ń ro ẹni tó ń lo topiramate, tí kò sì ríran dáadáa mọ́, ọjọ́ náà gan-an ni kó rí dókítà, kí ojú náà má bàa fọ́.

Yàtọ̀ sí irú ewu wọ̀nyí, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe da topiramate nù lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ti dín ẹ̀fọ́rí yín kù, bí ẹ ṣe sọ. Bí ẹ bá já a sílẹ̀ nítorí àpá tí kì í ṣe òun ló fà á, ẹ̀fọ́rí yóò padà, ẹ óò tún sáré lọ ra ọ̀rá, àpá yóò sì tún jí. Bí dókítà bá tilẹ̀ fẹ́ gbà á lọ́wọ́ yín, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín in kù, pàápàá fún ẹni tí wárápá ti ṣe rí. Propranolol náà kò ṣeé dá dúró lójijì, nítorí ọkàn. Ẹ tún bi dókítà yín léèrè nípa oyún, nítorí topiramate lè pa ọmọ inú lára, ó wà lára ohun tó ń mú kí wọ́n bí ọmọ pẹ̀lú ètè tó là. Bí ẹ bá ṣì ń rò ó láti bímọ, ọ̀rọ̀ náà kò gbọdọ̀ pẹ́.

Ní ti ìpara, inú mi kò dùn sí ohun tí mo ń rí ní ọjà wa. Bí àpá bá ti yọ, ìpara tí wọ́n fi clotrimazole, betamethasone àti neomycin pò pọ̀ ni wọ́n máa ń nà sí ènìyàn, bí ẹni pé lápálápá ni gbogbo àpá. Kò sí kòkòrò kankan nínú àpá yín tí clotrimazole fẹ́ pa. Betamethasone lè dín yíyún kù fún ọjọ́ díẹ̀, dókítà pàápàá lè kọ irú rẹ̀ fún yín fún ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ń fi í pa ètè àti ojú lóṣooṣù, awọ ibẹ̀ yóò tín-ín-rín, yóò sì fi àbàwọ́n mìíràn lé èyí tó wà níbẹ̀. Ìpara abóra tó ní hydroquinone kò yẹ kí ẹ fi ọwọ́ ara yín fi pa á. Ìdí tí dúdú náà kò fi tètè lọ ni pé nígbà tí awọ òkè bàjẹ́, èròjà tó ń fún wa ní àwọ̀ dúdú já bọ́ sínú awọ ìsàlẹ̀, kò sì sí kànìnkànìn tàbí ọṣẹ dúdú tó lè fọ̀ ọ́ kúrò níbẹ̀. Fífi kànìnkànìn ha á yóò mú un dúdú sí i ni. Ẹ fi òrí tàbí vaseline pa á kó má gbẹ, ní àkókò ọyẹ́ pàápàá, ẹ dáàbò bò ó lọ́wọ́ oòrùn, kí ẹ sì fún un ní oṣù púpọ̀. Bí oògùn tó fà á kò bá wọ ara yín mọ́, yóò máa ṣí díẹ̀díẹ̀.

Iye ọjọ́ tí ẹ ń lo oògùn ẹ̀fọ́rí nínú oṣù kan náà ṣe pàtàkì. Bí ènìyàn bá ń lo paracetamol tàbí ibuprofen ní ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú oṣù, tàbí àpòpọ̀, ergotamine tàbí sumatriptan ní ọjọ́ 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí èyí sì ń bá a lọ fún ohun tó ju oṣù mẹ́ta, oògùn náà fúnra rẹ̀ a máa dá ẹ̀fọ́rí sílẹ̀. Ẹ kà á, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yẹn.

Bí ẹ bá ti mọ oògùn tó fa àpá náà, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí ara káàdì ilé-ìwòsàn yín àti sínú fóònù, ẹ sọ ọ́ fún ọkọ yín tàbí ẹni tí ẹ jọ ń gbé, kí wọ́n má bàa fún yín ní ọjọ́ tí ẹ kò lè sọ̀rọ̀. Ẹ sì ní kí dókítà tàbí apòògùn kọ ọ́ ránṣẹ́ sí NAFDAC lórí fọ́ọ̀mù aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n ń lò fún irú èyí. Láti ọdún 2004 ni Nàìjíríà ti wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó ń fi irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ètò Àjọ Ìlera Àgbáyé, ìròyìn tiwa kò sì tíì pọ̀ tó rárá níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ awọ dúdú ni awọ tí àwọn tó ń kọ ìwé àlàyé oògùn mọ̀ kéré jù.

Ilé-ìwòsàn UCH, lọ́hùn-ún ní Òkè Òríta Mẹ́fà, ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú awọ ara àti ẹ̀ka tó ń tọ́jú ọpọlọ àti iṣan, ẹ sì lè ní kí dókítà yín kọ̀wé rán yín lọ síbẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń lọ, ẹ mú páálí topiramate dání, ẹ mú ìwé ọjọ́ àti oògùn tí ẹ kọ, àwòrán àpá náà nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, àti bí ọ̀rá kan bá ṣì kù nílé, ẹ má jù ú nù. Apòògùn lè wo àmì tí wọ́n tẹ̀ sára hóró kọ̀ọ̀kan kó sì mọ ohun tí í ṣe. Bó bá wá jẹ́ pé àpá náà jí ní ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ kò fi ohunkóhun sẹ́nu yàtọ̀ sí topiramate, ẹ pe dókítà yín ní ọjọ́ náà, nítorí pé nígbà náà ni ó tó kan topiramate láti wá jẹ́jọ́.